Ewé Kan Nínú Méjìlá

Kọ́pùrù ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe Fọwọ́lẹ́rán. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ìgbà ni ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgbà máa ń ríran. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí ojú tirẹ̀ fẹ́ rí ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

"Ọ̀gá, ẹ wo ibí yìí." Kọ́pùrù, ọlọ́pàábìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, fi èékánná tẹ táìlì tó wà lórí tábìlì. "Ewé yìí bù létí."

Fọwọ́lẹ́rán ò gbé àgbọ̀n kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́. Bó ṣe ń jókòó nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ìgúnpá lórí tábìlì, ọwọ́ lẹ́rán, ojú bí ojú ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní í dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi yẹ̀yẹ́ sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà tó yá, gbogbo ẹni tó níṣẹ́ ibi lọ́wọ́ kì í fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín mọ́.

"Táìlì ni," ó ní. "Táìlì máa ń bù."

"Táìlì ò bù o. Òdòdó orí rẹ̀ ló bù. Wọ́n yà á bẹ́ẹ̀ ni."

Ó kérora, ó wọ́ àga súnmọ́ ọn, ó wò ó. Òdòdó roboto aláwọ̀ búlúù ló wà lórí táìlì funfun náà, ewé méjìlá tó tò yí àárín ká, tí wọ́n jọra wọn bí ìbejì. Mọ́kànlá mọ́ nigínnigín. Ìkejìlá ní ibi kékeré kan létí tó bù wọlé, bí ibi tí eku ti fi eyín tọ́ wò. Ó fa bébà líle kan jáde látinú àpò ẹ̀rí, èyí tí wọ́n tẹ ojúlówó òdòdó náà sí, ó tẹ́ ẹ tì í. Lórí bébà, ewé méjèèjìlá pé pérépéré.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ táìlì méjì ló dojú kọra wọn ní títì kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítáìlì. Opó ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti kú ló ń bá a ya ọnà tí wọ́n ń tẹ̀ sára táìlì, òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní Ayàwòrán. Ayàwòrán ya òdòdó tuntun. Kí Bàbá tó fi iná sun táìlì ẹyọ kan báyìí, òdòdó náà ti wà lójú fèrèsé ilé iṣẹ́ òdìkejì. Obìnrin tó ni òdìkejì búra pé abẹ́ ilẹ̀kùn lòun ti bá a, nínú fíláàṣì kan tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, pé òun rò pé ẹnì kan tó ń wáṣẹ́ ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ sì wá wo fíláàṣì náà: ti Ayàwòrán ni, pẹ̀lú òwú pupa tó máa ń so mọ́ ọn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Lórí àga iṣẹ́ ni wọ́n ti mú Ayàwòrán.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ táìlì lásán ni, Fọwọ́lẹ́rán ì bá ti sùn. Ṣùgbọ́n Ayàwòrán ní ọmọbìnrin kékeré kan. Ọ̀dọ̀ Bàbá lọmọ náà wà báyìí, Bàbá sì ti lọ bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òun, pé olè kọ́ ló yẹ kó tọ́ ọmọ-ọmọ òun. Láàárọ̀ ọ̀la, wọ́n á ka ẹ̀sùn olè sí ìyá létí, adájọ́ á sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ ẹbí sì ti sú Fọwọ́lẹ́rán dé mùdùnmúdùn egungun. Ó sàn kí gbọ́mọgbọ́mọ fi ìbọn lé e.

"Lọ mú ìyàwó náà wá," ó ní. "Gbé kọ̀ǹpútà rẹ dání. Wá ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán, kó o fi sórí ẹ̀."

*

Ayàwòrán wọlé, kò tilẹ̀ dúró kó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti jẹun?"

"Ó ti jẹun," Kọ́pùrù dáhùn. "Mo débẹ̀ láàárọ̀."

"Ó béèrè mi?"

Kọ́pùrù wolẹ̀. "Ó béèrè yín."

Obìnrin náà fi ọwọ́ nu ojú kíá, bí ẹni pé eruku ló kó sí i. Fọwọ́lẹ́rán ti kọ̀ǹpútà sí iwájú rẹ̀.

"Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya irú òdòdó yìí."

"Ọ̀gá, ẹ̀kọ́ṣẹ́ lẹ fẹ́ wá ṣe ni?"

"Ìsinmi ni mo wá ṣe. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Yà á kí n máa wò."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ ìjókòó súnmọ́, ó na ìka, nígbà tí ìka yẹn sì kan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹni tí wọ́n mú látimọ́lé kọ́ ló jókòó síbẹ̀ mọ́. Ó fi àmì kan sílẹ̀, ó fi òmíràn sí òkè, ìlà kan so wọ́n pọ̀. Ó di ìlà náà mú láàárín, ó fà á síta díẹ̀, ìlà náà sì tẹ̀ jẹ́jẹ́ bí okùn tó dẹ̀.

"Ìdajì ewé péré nìyẹn," Kọ́pùrù ní.

"Ìdajì péré náà lèèyàn ń yà. Ìdajì kejì, mo máa ní kí ẹ̀rọ bá mi ṣe èyí tó kọjú sí i, bíi kéèyàn wo dígí." Ó tẹ nǹkan, ewé sì pé. "Tí mo bá ṣàṣìṣe lápá òsì, ó ti wà lápá ọ̀tún náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àṣìṣe ni."

"Mò ń gbọ́."

"Ewé máa ń ní ojú kan tó fi ń yípo. Inú ara rẹ̀ lojú yẹn máa ń wà. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀, ńṣe láá kàn máa pòòyì bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sunkún." Ó fa ojú náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí àárín bébà orí ẹ̀rọ. "Mo gbé e wá síbí. Ní báyìí, mo ní kó bí mọ́kànlá sí i, kí wọ́n sì tò yíká."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òdòdó là lójú wọn, gbogbo ewé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Háà!" Kọ́pùrù pàtẹ́wọ́, ó sì rántí ibi tó wà, ó gbọ́wọ́ sílẹ̀.

"Èyí tí mo kọ́kọ́ yà ni ìyá. Ọmọ ni àwọn tó kù," Ayàwòrán ní. "Ohun tí mo bá fi ìyá ṣe ló máa hàn lára gbogbo ọmọ."

Ó fún ìyá nídìí pọ̀, méjèèjìlá sì fún pọ̀. Ó tẹ orí rẹ̀ ṣóńṣó, méjèèjìlá yọ ṣóńṣó. Fọwọ́lẹ́rán gbé àgbọ̀n kúrò lọ́wọ́. Kọ́pùrù ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tó ti ń bá a ṣiṣẹ́.

"Bu ìyá létí díẹ̀ kí n rí i."

Ó bù ú. Gbogbo ewé bù, lọ́tùn-ún lósì, òdòdó náà wá rí bí ohun tí eku ti jẹ mọ́jú. Fọwọ́lẹ́rán wá ti táìlì òdìkejì sí i lábẹ́ ojú, ó fi ìka sí ewé kan ṣoṣo yẹn.

"Báwo wá ni ẹyọ kan ṣe máa dá bù?"

Ayàwòrán wò ó. Ó wò ó fún ìgbà tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, ó kó méjèèjì sí abẹ́ tábìlì, ayọ̀ kékeré tó wà lójú rẹ̀ sì kú fin-ín.

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá."

"O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà síbi tí mo wà."

Nígbà tí wọ́n ti mú un jáde, Kọ́pùrù yọ ṣùtì. "Irọ́ ló ń pa."

"Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú irọ́ wo nìyẹn? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara rẹ̀ là lójú wa tán, ó sì ń bẹ̀ wá pé ká má rí i." Fọwọ́lẹ́rán pa ojú dé. "Ṣí fíláàṣì yẹn. Di ewé kan mú níbẹ̀, kó o fà á."

Kọ́pùrù fà á. Ewé náà tẹ̀. Mọ́kànlá tó kù ò mira.

"Wọn ò mọ ara wọn rí, ọ̀gá! Kò síyàá, kò sọ́mọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró."

"Tó bá jẹ́ Ayàwòrán ló ta òdòdó ẹ̀, kí ló máa ṣe?"

"Ó máa da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì bó ṣe wà. Ìyá àtọmọ."

"Ẹni tó ṣe èyí ò rójú iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà Ayàwòrán. Bébà ló rí. Ó gbé bébà síwájú, ó ń wò ó ya, ewé kan lẹ́yìn èkejì títí méjìlá fi pé. Bóyá wọ́n ti ká bébà yẹn níbì kan rí, tó rí ojú kíká rẹ̀, tó sì yà á mọ́ ọn." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ sì ké. "Ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde?"

*

Rédíò atẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé láti àárọ̀ títí tó bá fi ti ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o, íńkì wà níbẹ̀—"

Fọwọ́lẹ́rán ti jókòó. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Agbára àtibínú ò sí.

"Ìwọ lo tẹ òdòdó Ayàwòrán?"

"Èmi ni. Ẹ̀dà kan péré. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe méjì, ó ní ọ̀kan tó, pé Bàbá ló fẹ́ fi hàn kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi í lé."

"Ta lo fi hàn kó tó dé?"

"Ta ni mo máa fi hàn? Ìyàwó mi? Ìyàwó mi kórìíra òdòdó. Mo ra òdòdó fún un nígbà kan, ó bi mí pé ta ló kú."

Kọ́pùrù fẹnu pamọ́. Fọwọ́lẹ́rán ní tirẹ̀ ń fi ìka ra ibi tó bù lórí táìlì tó gbé dání.

"Ó ṣeé ṣe kó o ti ká a. Tàbí kí tíì ta sí i."

"Ká a kẹ̀?" Inú Rédíò bàjẹ́ gan-an. Ó yọ bébà irú rẹ̀ kan nínú àpótí, ó jù ú sórí itan Fọwọ́lẹ́rán. "Ẹ ká eléyìí fún mi, kí n rí yín."

Fọwọ́lẹ́rán gbìyànjú. Kọ́pùrù náà gbìyànjú. Bébà náà le bíi páálí, ó ń ta wọ́n lọ́wọ́ padà ni. Wọ́n tún gbé ẹ̀dà tó wà nínú àpò ẹ̀rí síwájú iná, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀. Kò síbi tó ti ká, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ohun tí Fọwọ́lẹ́rán gbé gbogbo ọ̀sán kalẹ̀ lé lórí já sófo báyẹn. Kì í ṣe bébà ló bu ewé. Ẹni tó yà á ló fẹ́ kó bù.

Ó tún fọwọ́ lẹ́rán. Rédíò gan-an dákẹ́, ìyẹn sì fi hàn yín bí ojú ọkùnrin náà ṣe rẹ̀wẹ̀sì tó.

"Bí ìwọ bá fẹ́ jí òdòdó yìí láti ara bébà," Fọwọ́lẹ́rán ní, "báwo lo ṣe máa ṣe é?"

"Ọ̀gá! Èmi? Olè?"

"Mi ò ní o jí i. Mo ní bí o bá fẹ́ jí i."

Rédíò fajú ro díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ má sọ pé mo sọ ọ́ o. Màá kàn ya ìdajì ewé kan. Màá yí i kọjú síra. Màá ní kó bí mọ́kànlá. Kí omi tíì tó hó, mo ti parí, mo ti ń mu tíì mi."

"O ò ní ya méjèèjìlá?"

"Méjìlá?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ráyè ìyẹn láyé ìsinsìnyí? Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò ní ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá kò ní lè ṣe é, torí ẹyọ kan á jìn, ẹyọ kan á yọ gọnbu. Kí ewé méjìlá jọra báyìí láìlo yíyípo, àfi ẹni tó ti ń fọwọ́ ya òdòdó kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, tí kò sì gbà pé ẹ̀rọ..."

Ó gbọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan o, ọ̀gá."

"O ò dárúkọ ẹnì kankan," Fọwọ́lẹ́rán ní. Bó ṣe dìde lórí àga yẹn, ó dà bíi pé ó wúwo ju ìgbà tó jókòó lọ.

Nínú ọkọ̀, Kọ́pùrù ò lè mú un mọ́ra. "Bàbá Onítáìlì? Kí wọ́n jí ọjà ara wọn fún òdìkejì? Wọ́n ti ba ọjà jẹ́ fún ara wọn nìyẹn. Kí ni wọ́n máa rí níbẹ̀?"

"Má wo ohun tó pàdánù. Wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Kọ́pùrù yí ọkọ̀ gba títì ilé Bàbá.

"Ọmọ náà," ó ní.

"Kí n má rí i bẹ́ẹ̀ ni mo ń tọrọ," Fọwọ́lẹ́rán dáhùn. Ó sì ń tọrọ ẹ̀ lóòótọ́.

*

Wọ́n bá ọmọ náà àti Bàbá Onítáìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ọmọ náà ń fò láti orí òdòdó kan sí èkejì lórí ilẹ̀ táìlì, bàbá àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ omi lórí iná.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ó ti dé ilé ẹjọ́ ni?"

"Ọ̀la ni, Bàbá."

"Ọ̀la." Ó mi orí. "Ọmọ tí mo mú bí ọmọ inú mi. Ó dùn mí wọra, kí n má parọ́ fún yín."

Kò parọ́. Fọwọ́lẹ́rán rí i pé ó dùn ún lóòótọ́, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà sú u sí i nìyẹn. Ì bá rọrùn kó jẹ́ ìkà lásán ló jókòó síwájú rẹ̀.

Ọmọ náà wá dúró tì í lórúnkún. "Ṣé ẹ rí màmá mi?"

"Mo rí wọn. Wọ́n ní kó o máa jẹun dáadáa."

"Mo jẹun. Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Fọwọ́lẹ́rán fi ọwọ́ pa á lórí, ó wá gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn.

"Wọ́n ní Bàbá àgbà rẹ mọ òdòdó yà. Mo ní irọ́ ni."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n yà!"

"Òdòdó eléwé méjìlá? Láìsí kọ̀ǹpútà? Ta ló fẹ́ tàn jẹ?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n yà! Bàbá àgbà, ẹ yà á fún wọn! Ẹ yà á!"

Bàbá fọwọ́ dà á nù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti gún un nínú. "Kọ̀ǹpútà," ó ní. "Wọn ò tíì bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ya òdòdó. Lọ bá mi mú ẹfun tá a fi ń sàmì ilẹ̀ wá."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún kan ṣáájú èkejì. Ó fi òwú mú àyíká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ewé jáde, ó dúró. Òmíràn tún jáde, ó rí bí èyí tó ṣáájú, kò wo ẹ̀yìn kó tó yà á. Ọmọ náà ń kà á sókè, ó fo ẹyọ kan, bàbá àgbà tún un kà fún un. Ó rẹwà débi pé Kọ́pùrù gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe. Ó kan ìkejìlá. Bàbá fa ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó fa èkejì sọ̀kalẹ̀, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó parí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yí bíńtín, ẹfun sì bu ewé náà létí. Ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó pa ọwọ́ nù.

"Òun nìyẹn," ó ní.

"Bàbá, kí ni ibi tó bù yẹn?"

"Èwo? Ìyẹn? Orí òdòdó ni." Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, inú rẹ̀ sì dùn. "Òdòdó roboto kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ò ní mọ ibi tí yóò kọjú rẹ̀ sí. Àwa la ronú sàmì sí ewé kan. Ẹ wo ilẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí. Èmi ni mo yà á."

Wọ́n wolẹ̀. Lára òdòdó kọ̀ọ̀kan, ewé kan bù létí, gbogbo wọn ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o. Ẹ̀rọ ń tẹ ọfà sí ẹ̀yìn táìlì báyìí. Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣe é ti kú tán. Kò sẹ́ni tó tún ń ṣe é mọ́ àfi..."

Fọwọ́lẹ́rán tú aṣọ tó fi wé táìlì òdìkejì, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó ẹfun.

"Àfi ẹ̀yin, Bàbá."

Ó ké sí Kọ́pùrù pé kó mú ọmọ wọlé lọ mumi. Kọ́pùrù mú un lọ. Bàbá ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo táìlì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé ọwọ́ àlejò ni.

"Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é," ó ní. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ta ló kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà?"

"Òun náà ni." Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Nígbà tí ọmọ mi kú, oorun kọ̀ fún mi. Ó máa ń wá jókòó tì mí, ó ní ká jọ máa yàwòrán kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀. Ó kọ́ mi, kọ́ mi, yíyípo yẹn ò wọ̀ mí lórí. Ó ní kò burú, Bàbá, ẹ máa yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nífẹ̀ẹ́ tiyín bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá ṣe yín?"

"Ó ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Mo gbọ́ nígbà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó máa mú ọmọ lọ. Ọmọ kan ni mo bí, ọ̀gá, mo sì ti sin ín. Ẹ wo ojú ọmọ yẹn dáadáa, ojú rẹ̀ ló gbé wọ̀ délẹ̀délẹ̀. Mi ò lè ní kó má lọ. Mi ò sì lè jí ọmọ gbé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi, bébà ni mo wò yà á sórí kọ̀ǹpútà mi. Fíláàṣì rẹ̀ wà lórí tábìlì oúnjẹ, ibẹ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Mo fi òdòdó sínú rẹ̀, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn òdìkejì. Mo ní bí adájọ́ bá gbọ́ pé ó jalè..."

"Ẹ̀wọ̀n ńkọ́, Bàbá?"

"Màá bẹ̀ wọ́n. Mo ti pinnu pé màá bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n ṣáà ti fi ọmọ sílẹ̀ fún mi."

Ó wu Fọwọ́lẹ́rán kó jágbe mọ́ ọn, ó wù ú kó bá a sunkún. Kò lágbára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó na ọwọ́, ó sì ràn án lọ́wọ́ kó lè dìde.

*

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dá Ayàwòrán sílẹ̀. Fọwọ́lẹ́rán fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ mú ọmọ. Obìnrin náà jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó kó ọwọ́ lé itan.

"O ti mọ̀ nígbà tí mo fi táìlì yẹn hàn ọ́," Fọwọ́lẹ́rán ní.

"Mo mọ̀. Gbogbo ohun tí Bàbá yà nígbà tí mò ń kọ́ wọn ló máa ń ní in. Mo máa ń bá wọn tún un ṣe, wọ́n á tún bù ú."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Lọ́dọ̀ wọn lọmọ mi ń sùn, ọ̀gá. Kò ní ẹlòmíì. Bí ẹ bá mú àwa méjèèjì, ta ló máa fún un lóúnjẹ?" Ó wo ojú fèrèsé. "Mo tún rò pé wọ́n á yí èrò padà. Títí di ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo ń retí pé Bàbá á wọlé wá sọ pé ó tó."

"Bí wọn ò bá wá ńkọ́?"

Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kí ọkọ̀ tó dúró.

Ọmọ ló kọ́kọ́ gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó sáré, ó fò mọ́ ìyá rẹ̀, ìyá dì í mú, ó fi imú ra á lọ́rùn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Kọ́pùrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ayàwòrán gbé ojú sókè, bàbá àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

"Ẹ má ṣe é, Bàbá. Ọmọ ń wò yín."

"Jọ̀ọ́, ìyàwó mi. Jọ̀ọ́."

"Ẹ rántí ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá mú mi? Mo ní tí mo bá délé, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Mo rántí. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ni."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ ò ga. Ìbínú ò sí nínú rẹ̀, ó ti rẹ òun náà kọjá ìbínú. "Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ti pe àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní òkèèrè padà. Mo ní mi ò ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́. Mo ní mi ò lè fi bàbá ọkọ mi nìkan sílẹ̀ nínú ilé yìí."

Bàbá la ẹnu. Ó gbá ẹnu ọ̀nà mú.

"O ò... o ò ní lọ?"

"Mi ò ní lọ nígbà yẹn," Ayàwòrán ní. "Mo máa lọ báyìí."

Kọ́pùrù yíjú sí ibòmíràn. Fọwọ́lẹ́rán, tó gbọ́dọ̀ mú bàbá náà wọ ọkọ̀ kan náà tó gbé obìnrin náà wá, dúró, kò kánjú.

"Ṣé màá máa rí i?" Bàbá béèrè. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àní lórí fóònù."

Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀, ọmọ gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó nàró, ó tún ẹsẹ̀ ọmọ gbá mú níbàdí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ má bi mí lónìí. Ó rẹ̀ mí."